Orúkọ tí wọ́n kọ ní “Ola”: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, níbo ni ó sì ti ṣẹ̀ wá?

Ọmọ Àjàṣẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá síwájú yín. Àbúrò mi obìnrin bí ọmọbìnrin kan, bàbá wa àgbà, tí ó ti di olóògbé báyìí, ni ó sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí wọ́n lọ gba ìwé ìbí, lẹ́tà mẹ́ta péré ni akọ̀wé kọ sílẹ̀: Ola. Kò sí àmì lórí rẹ̀, kò sí àmì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ nílé, kí ó lè wá sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Èmi ni ó wá bi.

Ẹnu ìdílé wa kò kò lórí rẹ̀. Ìyá mi sọ pé ọlá ni, ìyẹn iyì àti ipò ńlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọlà ni, ó ní ọrọ̀ ni bàbá àgbà ń tọrọ fún ọmọ náà. Bàbá ọmọ gan-an gbà pé ọ̀la ni, nítorí pé ọjọ́ iwájú ni a fi ọmọ ń wò. Mo tún lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ọkùnrin ni ó ń jẹ́ Ola ní ilẹ̀ Nọ́wè, pé obìnrin ni ó ń jẹ́ ẹ ní Pólàndì àti ní Íjíbítì, àti pé àwọn ará erékùṣù Hawaii ń pe ìyè àti ìlera ní ola.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ pín sí méjì. Ṣé orísun kan náà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá, tàbí àkọsílẹ̀ wọn ni ó kàn jọra? Èkejì ni ó jẹ mí lógún jù: báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí bàbá àgbà ní lọ́kàn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ láti sọ ọ́? N kò fẹ́ kí ọmọ náà dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nípa ara rẹ̀.

Olùkọ́ kan ní Kétu dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. N ó fi ti ilé wa ṣáájú, kí àwọn tí wọ́n mọ ti òkèèrè tó dá sí i.

Lẹ́tà mẹ́ta tí akọ̀wé kọ yẹn ti fi nǹkan méjì pamọ́. Àkọ́kọ́ ni fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, nítorí pé ọ ni, kì í ṣe o. Èkejì ni ohùn. Ọlá jẹ́ re mí, ọlà jẹ́ re dò, ọ̀la jẹ́ dò re. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ wọn lẹ́nu kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé wọn sórí ìwé láìsí àmì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ẹyọ kan. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò gbọ́ Yorùbá. Ìwé ìbí yẹn ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ọlá ni ó gbòòrò jù nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dípò rẹ̀, bí ẹni pé iyì nìkan ni. Ẹ gbọ́ òwe yìí ná: “Ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ní í mú ọmọ yan.” Àbàtà kò joyè, bẹ́ẹ̀ ni kò dé adé, síbẹ̀ ó ní ọlá, nítorí pé omi tí ó ń ti ara rẹ̀ wá ni odò fi ń rí ìṣàn. Ọlá níhìn-ín ni oore àti agbára tí ó ti ara ẹnìkan jáde tí ó sì bo ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé ọlá ẹnì kan ni a jẹ, tí a sì ń sọ pé ọlá Ọlọ́run ni a wà. Bí òbí bá sọ ọmọ ní Ọláwálé, ohun tí ó ń wí ni pé ọlá ti wá sílé, bóyá lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan kò ti rọgbọ fún ẹbí náà. Ọlátúnjí ni pé ó ti tún jí. Ọlábísí ni pé ó bí sí i, ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọláyínká ni pé ó yí mi ká. Ìtàn ẹbí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ náà nìkan.

Ọlà wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe là. Ẹni tí ó là ni ẹni tí ó rí ọrọ̀. Ẹni tí ó la ewu já ti bọ́. Láti ibẹ̀ náà ni a ti rí ìgbàlà. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò sọ ọ̀rọ̀ òfo, nítorí pé nínú àdúrà, ọlà àti ọlá máa ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu àwọn àgbà. Ní ti ọ̀la, a mọ ohun tí Ifá wí: “Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún.” Ọ̀rọ̀ tí ó lágbára ni, ṣùgbọ́n inú òwe àti àdúrà ni ó ti wọ́pọ̀ ju inú orúkọ lọ.

Bí ẹ bá wo orúkọ tí ó yí wa ká, láti Kétu dé Àjàṣẹ́, ọlá ni ẹ ó bá nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Ó lè wà níwájú, bí ó ti wà nínú Ọládélé. Ó lè wà lẹ́yìn, bí ó ti wà nínú Adéọlá àti Títílọlá. Ó sì lè pa fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ títí a kò fi ní tètè mọ̀ pé òun ni: Bọ́lájí ni “bá ọlá jí”, Fọláṣadé ni “fi ọlá ṣe adé”, Dọlápọ̀ ni “da ọlá pọ̀”. Ẹ wádìí bóyá orúkọ tí ó gùn ju Ola lọ wà níbẹ̀ kí akọ̀wé tó gé e. Ọkùnrin àti obìnrin ni ó lè jẹ́ Ọlá. Ìyókù orúkọ náà ni ó máa ń fi hàn nígbà mìíràn, nítorí pé obìnrin ni a sábà máa ń sọ ní Fọláṣadé tàbí Fọlákẹ́.

Ọmọ Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú wa kún un. Ìdílé Àgùdà ni mo ti wá. Láti Brazil ni àwọn baba ńlá wa ti padà wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹ́ orúkọ Potogí títí di òní. Orúkọ Porto-Novo tí ìjọba ń pe Àjàṣẹ́ gan-an, Potogí ni. Ní èdè Potogí, olá ni wọ́n fi ń kí ènìyàn, kì í ṣe orúkọ. Ní èdè Sípéènì, ola ni ìgbì òkun. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú èdè Faransé fún ìgbì tí àwọn òǹwòran máa ń fi ara ṣe ní pápá bọ́ọ̀lù, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé láti ìgbà Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Mẹ́síkò ní 1986. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́ lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò kan orúkọ òun.

Èyí tí mo ń rò lọ́kàn ni ti Nọ́wè. Mo kà á pé Ola tiwọn wá láti ara Olaf, àti pé ìtumọ̀ Olaf ni àjogún baba ńlá. Bí a bá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ “ọlá baba ní í mú ọmọ yan”, ṣé ẹ kò rí i pé ìtumọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé? Ṣé kò lè jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti jọ ṣẹ̀ wá?

Ará Ṣábẹ kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólàndì dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọra náà wuni lóòótọ́, ìbéèrè yín sì tọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọmọ ìyá, bí ìkọ̀ọ̀kan wọn ti rí láyé àtijọ́ ni a ní láti wò, kì í ṣe bí wọ́n ti rí lónìí.

Ola ti Nọ́wè jẹ́ ìgékúrú Olav. Ti Súwídìn jẹ́ ìgékúrú Olof. Àwọn ará Iceland ń kọ ọ́ ní Ólafur. Nínú èdè àtijọ́ tí gbogbo wọn ti yà, Óláfr ni, àwọn onímọ̀ èdè sì ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn dé Anulaibaz. Baba ńlá ni ìdajì àkọ́kọ́, anu. Ẹni tí ó ṣẹ́kù láti jogún ni ìdajì kejì, laibaz. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ni, pé l tí a ń gbọ́ nínú Ola yẹn, ìdajì kejì ni ó bẹ̀rẹ̀, àti pé n kan wà ṣáájú rẹ̀ tí ó ti sọnù. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí wá láti Ireland. Nígbà tí àwọn Viking, ìyẹn àwọn jagunjagun atukọ̀ láti Àríwá Yúróòpù, tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn akọ̀wé ilẹ̀ náà kọ orúkọ yìí sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ ní Amlaíb, ohùn imú àtijọ́ náà sì ṣì hàn nínú m tí wọ́n kọ. Ọlá tiwa kò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Ọ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a bá nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa, bíi ọgbọ́n, ọrọ̀, àti ọlà fúnra rẹ̀. Kò sí baba ńlá kankan tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí orúkọ náà gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni ọba kan, Olav Haraldsson, tí ó jọba ní Nọ́wè láti 1015 sí 1028, tí wọ́n pa lójú ogun ní Stiklestad ní 1030, tí ìjọ Kristẹni sì kà sí ẹni mímọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orúkọ náà wọ ara wọn débi pé bí ará Nọ́wè bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ilẹ̀ wọn kan tí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, Ola Nordmann ni wọ́n máa ń pè é.

Ní Pólàndì tí mo ti kàwé, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọkùnrin ni Ola. Aleksandra ni orúkọ tí ó máa ń wà nínú ìwé, Ola ni ti ilé àti ti ọ̀rẹ́, bí a ti ń gé Adéọlá sí Déọlá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni Aleksandra ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí dídáàbò bo àti èyí tí ó túmọ̀ sí ọkùnrin tàbí ènìyàn; olùdáàbòbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Olya ti Rọ́ṣíà, nítorí pé ìgékúrú Olga ni ìyẹn, Olga sì wá láti ara Helga ti àwọn ará Àríwá Yúróòpù, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni mímọ́. Ti Hawaii, ọ̀rọ̀ inú èdè tiwọn ni. Àwọn Mari tí wọ́n wà ní Rọ́ṣíà tún ń pe ìlú ní ola, ni olú-ìlú wọn fi ń jẹ́ Yoshkar-Ola, ìyẹn ìlú pupa.

Fáwẹ̀lì méjì àti kọ́ńsónáǹtì kan ni ó wà nínú orúkọ yìí, ọ̀pọ̀ èdè ni ó sì lè ṣe àkójọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrú tó báyìí, ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí.

Àáfà kan ní Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ti Íjíbítì ni ó kù, òun náà ni ó sì súnmọ́ tiwa jù ní ìtumọ̀. Orúkọ obìnrin tí wọ́n ń kọ ní Ola níbẹ̀, ʿUlā ni ní èdè Lárúbáwá. Lẹ́tà ʿayn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà tí èdè Faransé àti Yorùbá kò ní, nítorí náà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi ń yí padà. Gíga ni ìtumọ̀ rẹ̀, ipò tí ó ga. Gbòǹgbò kan náà ni ó ti wá pẹ̀lú orúkọ Àlí, àti pẹ̀lú “taʿālā” tí àwa Mùsùlùmí máa ń fi tẹ̀lé orúkọ Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá ka Súrà Ṭā Hā yóò bá ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ kẹrin, níbi tí Àlùkùránì ti pe àwọn ọ̀run ní gíga.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ sọ pé láti ibẹ̀ ni ọlá ti wá. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá pọ̀ nínú èdè wa: àlàáfíà wà, àdúrà wà, wákàtí wà. Ṣùgbọ́n ọlá kò sí lára wọn. Ó ti wọ inú oríkì àti ẹsẹ Ifá jinlẹ̀, àwọn ìdílé tí kò bá ẹ̀sìn wa tan rárá sì ń fi sọ ọmọ. Mùsùlùmí tí ó ń jẹ́ Ọlá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá tí ó dára, kò sì nílò kí a wá baba mìíràn fún un.

Ìyá kan láti Ṣábẹ dáhùn:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ wọ̀nyí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ kejì ni n ó dáhùn, nítorí pé òun ni ọmọ náà ń dúró dè.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá àgbà yín wo ilé, ó sì mọ ohun tí ó rí níbẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Wo orúkọ tìrẹ, wo ti ìyá ọmọ náà, wo ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ. Ìdílé onífá máa ń fi Fá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ wọn, àyàn máa ń fi Àyàn, ìdílé ọba máa ń fi Adé. Bí ọlá bá ti ń jáde nínú orúkọ àwọn ọmọ tí bàbá yẹn ti sọ lórúkọ ṣáájú, kò dájú pé yóò yà sí ọ̀nà mìíràn fún eléyìí. Béèrè pẹ̀lú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní àsìkò tí a bí i: ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la wàhálà kan já ni, ṣé oyè wọlé ni, ṣé òkú àgbà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin?

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wá àwọn tí wọ́n jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn tí wọ́n fi owó sínú omi tí wọ́n sì pe orúkọ tí wọ́n fún ọmọ ṣì wà láàyè. Obìnrin kì í gbàgbé orúkọ tí òun gbọ́ níbẹ̀, nítorí pé ó ti fi kí ìyá ọmọ fún ọjọ́ púpọ̀. Má ṣe bi wọ́n pé kí ni Ola túmọ̀ sí, nítorí pé ìtumọ̀ tí ó wà lọ́kàn tiwọn ni wọn yóò sọ fún ọ. Ní kí wọ́n pe orúkọ náà bí bàbá ti pè é lọ́jọ́ náà, kí o sì dákẹ́ kí o gbọ́ ohùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kọ ọ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin ìyá mi láti Ṣábẹ ni mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín jù. Mo lọ bá àbúrò bàbá àgbà, ìyá arúgbó tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ní kí ó pe orúkọ ọmọ náà bí wọ́n ti pè é. Kò ronú rárá kí ó tó dáhùn: Ọláńrewájú ni. Ó ní bàbá àgbà sọ níbẹ̀ pé ọmọ yìí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ òun, pé ohun tí òun bẹ̀rẹ̀ kò dúró sójú kan. Akọ̀wé gé e kúrú, àwa náà sì ń fi ìgékúrú náà pè é títí a fi gbàgbé ìyókù.

Ọlá ni ó jẹ́, nígbà náà, bí ìyá mi ti wí. Bàbá ọmọ náà sì yọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú tí ó ń sọ, ó bá iwájú nínú orúkọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀la ni ó gbé e wá. Ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ béèrè: báwo ni kí ọmọ náà kọ ọ́ sí ara pátákó ní kíláàsì? Mo ti rí i tí wọ́n ń kọ Yorùbá lọ́nà tí ó yàtọ̀ síra.

Olùkọ́ kan ní Kétu dáhùn:

Inú mi dùn sí èyí púpọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà rí orúkọ kan náà ní ilẹ̀ wa. Bí a ti ń kọ ọ́ nínú ìwé Yorùbá láti Nàìjíríà, Ọláńrewájú ni. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Benin fọwọ́ sí fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, lẹ́tà ɔ ni ó dúró fún ọ, nítorí náà Ɔláńrewájú ni. Lẹ́tà yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ èdè Gùn àti Fɔ̀n, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá yóò sì mọ bí wọn yóò ti pè é. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ìlànà Faransé, ẹ lè bá Olanréwadjou. Kò sí èyí tí ó ba orúkọ náà jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnu bá ti pè é bó ti yẹ.

Fún ti pátákó, ẹ jẹ́ kí ó lo èyí tí ó ní àmì ohùn. Kí ó kọ́kọ́ kọ orúkọ náà ní odindi, lẹ́yìn náà kí ó tú u sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀: ọlá ń re iwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá Ola ti Pólàndì tàbí ti Nọ́wè ni, ó ti ní ìdáhùn tí ó pé lọ́wọ́. Ní ti ìwé ìbí, ẹ tọ àwọn tí wọ́n fún yín lọ, kí ẹ béèrè ohun tí òfin gbà láti fi ìyókù orúkọ náà kún un kí ọmọ tó dé ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀, nítorí pé bí ìwé-ẹ̀rí bá ti jáde pẹ̀lú Ola nìkan, àtúnṣe rẹ̀ yóò le ju báyìí lọ.